Wọ́n Ní Bàbá Mi Kò Jọ Apẹja

Wọ́n ní bàbá mi kò jọ apẹja. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ká mi lára títí di òní. Naoufel, ọmọ Tunis tó ń bójú tó fàájì àwọn àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó jẹ́ pé bí òkun bá mù ún dé ìbàdí á pe ìyá rẹ̀, òun ló wo bàbá mi, Sassi ọmọ Younes, látòkè délẹ̀, tó ní kò jọ apẹja.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi nígbà tó kọ́kọ́ wọ òkun Djerba, erékùṣù wa ní Tunisia. Ọlọ́wọ́-mẹ́jọ ló ń pa, ẹran omi tí kò léegun yẹn, ìkòkò amọ̀ ló sì fi ń mú un bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Wọ́n á so ìkòkò mọ́ okùn gbọọrọ, wọ́n á rì í sómi, ọlọ́wọ́-mẹ́jọ á rò pé òun ríbi sùn, á wọlé. Ṣùgbọ́n láti àárín oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á, kó lè rí àyè bímọ. Lásìkò yẹn, èbúté ni bàbá mi máa ń lọ, á máa bá àwọn ẹlòmíì kun ọkọ̀ ojú omi wọn. Lọ́dún yìí, èbúté dá páropáro. Ẹni tó ní ọkọ̀ ti tà á, ẹni tí kò tà á kò lówó ọ̀dà.

Ni Shabane ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dé pé òun ti bá a ríṣẹ́ bíríkìlà ní Tripoli, ní ilẹ̀ Libya, pé ọkọ̀ ń gbéra ní gbogbo Sátidé. Ìyá mi gbọ́, kò lè jẹun mọ́. Ọkùnrin méjì ló ti àdúgbò wa lọ Tripoli lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀kan dé pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo. Èkejì kò tíì dé. Bàbá mi sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké bó bá bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ ní yàrá ìfọṣọ pé hòtẹ́ẹ̀lì ń wá apẹja, díẹ̀ ló kù kí n fò sókè. Kì í ṣe kó pẹja o. Kó jókòó sétí òkun ni, kó máa tún àwọ̀n ṣe, kó fa ìkòkò jáde nínú omi ní aago mẹ́wàá àárọ̀, káwọn àlejò rí fọ́tò yà. Iṣẹ́ náà á gbé e dé oṣù kẹwàá. Etíkun yẹn kan náà ni bàbá mi máa ń gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, kí máígáàdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e bí ẹni ń lé ewúrẹ́.

Mo délé, mo sọ fún un.

"Kí n jókòó, kí n máa ṣe bí ẹni tó ń pẹja?"

"Iṣẹ́ ni, Bàbá."

"Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ọ̀bọ ni?"

Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà kò gbójú sókè. "Bàbá Mbarka, ọ̀bọ tó wà nílé sàn fún mi ju kìnnìún tó kú sí Tripoli lọ."

Bàbá mi mu tíì rẹ̀ tán, ó da ewé míǹtì tó kù nínú kọ́ọ̀bù nù, ó bi mí pé ọjọ́ wo ni kóun wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó ṣe ohun tí gbogbo ọmọlúàbí erékùṣù wa máa ń ṣe bí wọ́n bá ń lọ síwájú ẹni tí wọ́n fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ bá onígbàjámọ̀, ó fá irùngbọ̀n tó ti ń bá a bọ̀ látìgbà òtútù. Ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha èékánná rẹ̀ kí òórùn òkun lè lọ. Ó wọ ẹ̀wù funfun gbọọrọ tó máa ń wọ̀ lọ kírun jímọ́ọ̀, ó fi lọ́fíńdà pa ọrùn. Nígbà tó jáde, orí mi wú.

"Bàbá, ẹ mà dà bí ọkọ ìyàwó!"

"Rọra, kí ìyá ẹ má gbọ́, kó má lọ gba mí padà lọ́wọ́ ìyàwó."

Fóònù ni Naoufel ń tẹ̀ nígbà tá a débẹ̀. Kò dìde. Èmi ló bi, kò bi bàbá mi: "Ta nìyí?"

"Bàbá mi ni. Àwọn ni apẹja tí mo sọ."

"Apẹja?" Ó wò ó. "Irùngbọ̀n dà?"

"Mo fá a," ni bàbá mi wí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fá a?"

"Mo ń bọ̀ wá rí yín ni."

Ẹ gbọ́ èsì àgbà. Bó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ni, ojú ì bá tì í, á sì dìde. Naoufel kàn mirí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ ò jọ apẹja rárá. Ẹ jọ lèmọ́mù. Ṣé ẹ ò ní ṣòkòtò tó ya ni?"

"Mo ní in. Inú omi ni mo ti ń wọ̀ ọ́. N kì í wọ̀ ọ́ wá síwájú èèyàn."

Ó na àwọ̀n kan sí i tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ já lójú, pé kó tún un ṣe kóun rí i. Kí n tó ṣẹ́jú, bàbá mi ti dí i.

"Háà! Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ ná! Wọn ò ní rí fọ́tò yà."

"Bí mo bá ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá mi lójú omi."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ń ṣe é."

"Kí n rẹ́rìn-ín sí ta ni?"

"Sí àwọ̀n."

Bàbá mi wo àwọ̀n. Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Naoufel ní àwọn á pè é. Èmi tí mo gbé e wá síbẹ̀, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí, torí àtinúwá mi ni, ẹnu mi ni mo fi tì í lọ gba ìwọ̀sí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gba ẹlòmíì. Hattab ni wọ́n ń pè é, Gafsa ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, tí ẹlòmíì ń gbé ibẹ̀ dàgbà kó tó fojú kan òkun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé àyà, ojú rẹ̀ sì hunjọ dáadáa. Wọ́n fún un ní akẹtẹ̀ ńlá kan. Wọ́n ra ṣòkòtò tuntun fún un, wọ́n gbé ṣòkòtò náà wá sí yàrá ìfọṣọ pé ká fi sísọ́ọ̀sì ya ẹsẹ̀ rẹ̀, ká ha orúnkún rẹ̀ kó lè jọ èyí tó ti gbó. Mo búra fún yín, èmi ni wọ́n gbé e fún. Èmi ọmọ Sassi ni mo fọwọ́ ara mi ya ṣòkòtò apẹja èké.

Mo lọ bá Naoufel. "Ọ̀gá, awakùsà lẹ gbà síṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Bàbá mi ni apẹja!"

"Mbarka, fetí sílẹ̀. Apẹja ni bàbá ẹ, mi ò bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò wọ̀nyí ti ní apẹja kan lórí kí wọ́n tó wọ bàálù. Ìyẹn ni mò ń wá fún wọn. Lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ọwọ́ ń yún mi. Bí kì í bá ṣe pé iṣẹ́ mi ló ń gbé oúnjẹ wálé, mi ò bá gbá a létí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Hattab fa okùn, okùn wé e lẹ́sẹ̀, ó ṣubú sómi tí kò ju ti orúnkún lọ, ó ń pariwo pé ẹ gba òun. Ìkòkò mẹ́ta fọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Naoufel fi ẹnu dídùn wá mi wá. Ṣé bàbá mi lè máa wá to ìkòkò sómi láàárọ̀, kó so okùn rẹ̀ dáadáa, kó sì kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù? Kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Torí òfin, wọn ò lè pa ọlọ́wọ́-mẹ́jọ, nítorí náà wọ́n á máa gbé ọ̀kan tó dì gbagidi wá látinú fírísà ilé ìdáná. Bàbá mi ni yóò máa tì í sínú ìkòkò.

"Bàbá, ẹ má dá a lóhùn," mo ní. "Kó lọ wá awakùsà míì."

"Shabane máa dúró dè mí di Sátidé tó ń bọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó ń bọ bàtà rẹ̀. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, Mbarka."

Ó lọ. Láàárọ̀ kùtù á fá irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń lọ ọ́fíìsì, á lọ ti ẹran fírísà sínú ìkòkò. Ó di ọ̀rẹ́ Hattab. Èèyàn rere ni Hattab, ìyẹn gan-an tún ń bí mi nínú, torí mi ò rí ẹni bú. Ó máa ń pe bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ fà?" Bàbá mi á kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ dáadáa débi pé lọ́jọ́ karùn-ún, Naoufel ní Hattab ti mọ̀ ọ́n ṣe, kí bàbá mi parí ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ṣeun. Ìyá mi fọ aṣọ bàbá mi, ó kó o sínú báàgì fún ìrìn àjò Tripoli.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, afẹ́fẹ́ mú òkun ru díẹ̀. Hattab bẹ bàbá mi pé kó má tíì lọ, kó dúró nítòsí òun, ẹ̀rù ń ba òun. Mo wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, mò ń gbọn aṣọ ìbusùn, mo sì ń rí wọn. Aago mẹ́wàá lù, àwọn àlejò yí wọn ká. Obìnrin kan gbé kámẹ́rà sójú, ó juwọ́ sí bàbá mi pé kó kúrò nínú fọ́tò. Bàbá mi sún. Obìnrin náà tún juwọ́. Ó tún sún. Kò síbi tó kù tó lè sún sí mọ́ àyàfi inú omi, ló bá bọ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Obìnrin náà ò dẹ́kun ọwọ́ tó ń jù, bàbá mi náà sì ń lọ sẹ́yìn, títí omi fi mù ún dé àyà.

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo dé orí iyanrìn. Gbogbo èdè Jámánì tí mo ti kọ́ lẹ́nu àlejò fún ọdún mẹ́fà ló tú jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lójú tí ẹ ò ríran! Ẹni tí ẹ lé sómi yẹn ni apẹja! Awakùsà lèyí! Kò mọ̀wẹ̀! Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì ya ṣòkòtò rẹ̀!" Mo ki ọwọ́ bọ ìkòkò, mo fa ọlọ́wọ́-mẹ́jọ yọ, mo là á mọ́ òkúta. Ó dún kò, yìnyín fọ́n ká. "Fírísà lẹ ti rí èyí! Ẹ wá rí ẹja Djerba!"

Hattab bọ́ akẹtẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní èdè wa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Òótọ́ ló ń sọ."

 Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Òmíì pàtẹ́wọ́. Kí n tó mọ̀, gbogbo etíkun ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé. Obìnrin oníkámẹ́rà yẹn wá bá mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún ọwọ́ gbé sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo rí Naoufel tó ń sáré bọ̀. Mo ti ń tú okùn aṣọ iṣẹ́ mi, mo mọ̀ pé ó ti parí. Ó dé, ó dì mọ́ mi.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú eléyìí? Ó dáa, ó dáa púpọ̀! Lọ́la, aago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é. Kí Bàbá náà máa bọ́ sómi. Ẹ má yí nǹkan kan padà."

Bàbá mi sọ̀rọ̀ látinú omi. "Títí di oṣù kẹwàá?"

"Títí di oṣù kẹwàá, Bàbá. Iṣẹ́ yín ti dúró."

"Èmi ò ṣe," mo ní. "Eré kọ́ ni mo ṣe! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Inú ló ń bí mi!"

"Bó ò bá ṣe é, kí ni mo wá fẹ́ fi Bàbá ṣe?"

Bàbá mi gòkè wá, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Kò wo ojú mi. Naoufel ló wò. "Ó máa ṣe é," ló wí.

Ní Sátidé, ọkọ̀ Tripoli lọ, bàbá mi ò sí níbẹ̀. Ìyá mi kó aṣọ rẹ̀ kúrò nínú báàgì, ó sunkún ayọ̀. Aago mẹ́wàá ọjọ́ náà, ẹnì kan juwọ́, bàbá mi bọ́ sómi, mo sáré jáde, mo pariwo gbogbo rẹ̀ láti orí sísọ́ọ̀sì dé orí fírísà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. A ti wà nínú oṣù kẹjọ báyìí. Mò ń ṣe é lójoojúmọ́ àfi ọjọ́ ìsinmi mi. Naoufel ti ń sọ fáwọn àlejò pé ní gbogbo etíkun yìí, kò sẹ́ni tó mọ ìbínú ṣe bíi tèmi. Mi ò fi ìbínú ṣeré rí. Inú ń bí mi ni.