Agogo Ẹ̀yìn Kọ́nà

"Mo wà níbí o!"

Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló dún lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣẹ́ kọ́nà àkọ́kọ́. Ohùn náà gbẹ, bí ìgbà tó bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láàárọ̀. Aláago kò wẹ̀yìn. Ó gbé àtàǹpàkò sókè láti fi hàn pé òun ti gbọ́, ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ nínú kùrukùru.

Òfin ọ̀nà yìí nìyẹn: ẹni tó wà níwájú kì í wẹ̀yìn. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, pápá wà lọ́tùn-ún, kòtò omi wà lósì. Aláago ti wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan rí, inú kòtò ló bá ara rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó mu omi yó. Láti ọjọ́ náà ni òun àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹnu kò pé Aláago á máa lọ níwájú, ẹni ẹ̀yìn á sì máa tẹ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà tán. Kọ́nà mẹ́rin ló wà kí wọ́n tó dé ibi tábìlì òkúta kan lábẹ́ igi, níbi tí wọ́n ti máa ń se kọfí ní gbogbo àárọ̀ Sátidé.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn. Búrẹ́dì ló ń ṣe, ojú kì í sì í kán an lórí ohunkóhun. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà. Agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí náà ìró kejì máa ń rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: kíín, kọ́ọ̀n. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò.

Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, Jẹ́jẹ́ ṣubú lẹ́yìn kọ́nà kejì, ó sì kú síbẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Aláago kò mọ̀. Ó ti dé ibi tábìlì, ó ti se kọfí, ó ti bù ú sí ife méjì, ti Jẹ́jẹ́ sì ti tutù kó tó padà lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò tètè mọ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: òun gbọ́ agogo. Òun gbọ́ ọ ní kọ́nà kẹta, òun sì gbọ́ ọ ní kọ́nà kẹrin.

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tíṣà ìṣirò tí kì í gba ìdáhùn láì rí bí wọ́n ṣe ṣe é, wò ó lójú lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Kọfí lo gbájú mọ́, o sì fi ọkọ mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà." Láti ìgbà náà, "ẹ kú àárọ̀" àti "ó dàbọ̀" ni ọ̀rọ̀ wọn mọ. Ó dun Aláago dé egungun. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Etí ni Aláago sì fi ń jẹun: aago ló ń tún ṣe, bí wọ́n bá ti gbé aago wọlé, á ti gbọ́ ibi tó ń dùn ún kó tó ṣí i. Bí etí yẹn bá wá di opùrọ́, kí ló kù fún un láyé?

Àfi bó ṣe ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ yìí tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níta, tó di kẹ̀kẹ́ Jẹ́jẹ́ mú. Agogo ti kúrò lórí rẹ̀.

"Mú mi dé ibi tẹ́ ẹ ti ń mu kọfí," ló wí. "Máa lọ níwájú, bó o ṣe máa ń ṣe."

"Agogo ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo tú u. Mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀. Ẹnu mi ni màá fi ṣe agogo."

Wọ́n ṣẹ́ kọ́nà kejì. "Mo wà níbí o!" Aláago kọjá lára òpó ọgbà tó ti wó, níbi tó ti bá Jẹ́jẹ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Ó retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí àwọn dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan, òun náà kò sì láyà láti sọ̀rọ̀, ló bá ń lọ.

Ó ṣẹ́ kọ́nà kẹta.

Kíín, kọ́ọ̀n.

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni pé ẹ̀gbọ́n òun purọ́, pé agogo wà lápò rẹ̀, ó sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi èyí ṣeré o!" Kò sẹ́ni tó fèsì. Ní kọ́nà kẹrin, ó tún dún, ó sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì kánjú.

Ó dé ibi tábìlì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kẹ̀yìn sọ́nà. Ó tan sítóófù kékeré, ó gbé omi kaná, ó to ife méjì sílẹ̀. "Ẹ jókòó," ló wí. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn, ó yíjú padà.

Kùrukùru nìkan ló wà lójú ọ̀nà.

Kò rántí pa sítóófù, ó fò sórí kẹ̀kẹ́, ó sì wà á padà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́bàá òpó tó wó yẹn ló ti rí i, lórí koríko tútù, kẹ̀kẹ́ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pariwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè. Aago kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí Aláago fúnra rẹ̀ tún ṣe fún un.

"Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún," ló wí. "Ṣó o dé ibi tábìlì?"

"Mo dé bẹ̀."

"O ò sì mọ̀ pé mi ò tẹ̀ lé ẹ."

Ó wá yé Aláago. Ìdánwò ni wọ́n ṣe fún un, ó sì ti gbòdo. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́..."

"Mo mọ ohun tó o gbọ́." Ó gbé aago náà sílẹ̀ lórí koríko. "Mo ní kí n jókòó síbí, kí n wo bó o ṣe máa pẹ́ tó kó o tó fura. O lọ tán, mo bá gbọ́ ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ó kọjá níwájú mi báyìí, ìtòsí bí ibi tó o dúró sí. Mo gbọ́ òórùn búrẹ́dì. Ó dé kọ́nà, agogo wá dún." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo pè é, àbúrò mi. Kò dúró. Kò tiẹ̀ dúró dè mí rárá. Ìwọ ló tẹ̀ lé."

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Aláago ti ń retí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa gbà á gbọ́. Ọjọ́ náà dé, kò sì dùn mọ́ ọn rárá. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. Ó gbé kẹ̀kẹ́ Jẹ́jẹ́ dìde, ó nu ìrì orí ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ dìde. Mo fi omi sórí iná." Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa lọ níwájú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́.

"Ẹ má wẹ̀yìn o," ni Aláago wí.

Ó tẹ̀ lé e lókèèrè. Obìnrin náà ṣẹ́ kọ́nà kẹta, Aláago náà ṣẹ́ ẹ. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí agogo tirẹ̀. Ó rọrùn láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó fi ọwọ́ bo ìró kejì kó lè rẹlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, obìnrin tó ń sunkún kò ní mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí agogo. Kùrukùru ti fúyẹ́, ó rí gbogbo ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀.

Kíín, kọ́ọ̀n. Lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti dún, níwájú òun, jẹ́jẹ́.

Kẹ̀kẹ́ obìnrin náà fì díẹ̀, ó tún dúró dáadáa. Ó gbé àtàǹpàkò sókè. Kò wẹ̀yìn.