Ọ̀dà Tó Kọ Omi

Adéṣọlá ki igi bọ inú dúrọ́ọ̀mù, ó tì í dé ìsàlẹ̀, ó sì fà á jáde. Omi lásán ló ń kán lára igi náà, ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú ti dì gbagidi mọ́ ìdí rẹ̀. Èyí tí wọ́n pò lánàá ti tún bàjẹ́. Ubaydullah wo igi, ó sì wo Adéṣọlá.

Àwọn méjèèjì ló jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Bosso, àdúgbò kan ní Minna. Adéṣọlá, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí Minna, ti kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ubaydullah ní tirẹ̀ ti bá àwọn tó ń la títì ṣiṣẹ́ káàkiri. Ọ̀dà olómi ni wọ́n ń ṣe, èyí tí ènìyàn lè dà sójú ọ̀nà ní tútù láìdáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ubaydullah ló ń yọ́ ọ̀dà. Adéṣọlá ló ń fi àdín àti sódà se ọṣẹ tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná. Ẹ̀rọ á wá lọ méjèèjì pọ̀ títí ọ̀dà á fi túká wẹ́wẹ́ sínú omi ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ á sì pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì. Bí wọ́n bá dà á sójú ọ̀nà, omi á gbẹ, ọ̀dà á dúdú, á sì gbá òkúta mú.

Àkọ́kọ́ dára. Wọ́n fi ṣe iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní Keteren Gwari, òjò rọ̀ lé e títí, kò yẹ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn onílé kan ní Bosso gbé títì wọn fún wọn, pé kí wọ́n parí rẹ̀ kí òjò mìíràn tó dé. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n dáwọ́ lé tí ọ̀dà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára omi.

"Ìyá Inúmidùn, ṣé ọṣẹ tàtijọ́ náà nìyí?" Ubaydullah ló bi Adéṣọlá bẹ́ẹ̀.

"Òun náà ni, Bàbá Arifah. Ọ̀dà yín ńkọ́?"

"Haba. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀dà ṣe?"

Adéṣọlá mọ ohun tí ènìyàn lè fi ọ̀dà ṣe. Èèyàn lè fi ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ti lò tán là á kó lè pọ̀, kó sì ta ojúlówó fún ẹlòmíràn. Ó sì ti rí Ubaydullah lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Dutsen Kura, tó gbé kẹ́ẹ̀gì tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Bí Adéṣọlá ṣe kí i ló yára ti kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀dà bá ti ń yọ́, Adéṣọlá á lọ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, á máa fi imú wá òórùn ọ́ìlì. Òórùn ọ̀dà nìkan ló ń gbọ́. Ìyẹn ò sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó tún ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń se ọṣẹ, Ubaydullah kì í jìnnà. Á máa nu irinṣẹ́ tó ti mọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó rí Ubaydullah tó gbé ohun kan tó fi aṣọ wé jáde lẹ́nu iṣẹ́. Adéṣọlá wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e dé ilé rẹ̀ ní Dutsen Kura. Rodiyah, ìyàwó Ubaydullah, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé."

Ubaydullah jókòó ti ike kan níbẹ̀. Ohun tó wà nínú ike náà pọ́n, ó jọ̀lọ̀, kò ní kókó kankan. Ọ̀dà olómi ni, èyí tó dára.

"Ẹ ti ń dá a ṣe," ni Adéṣọlá wí. Kò pariwo. "Ẹ ń bà á jẹ́ lọ́hùn-ún kó lè sú mi, kí iṣẹ́ lè di tiyín nìkan."

Ubaydullah dìde. "Ọṣẹ yín ni mo bù. Mo rò pé ẹ ń bomi là á, kí ẹ lè rí àdín tà. Mo ní kí n pò ó níbí, kó bàjẹ́ lójú mi. Bílẹ́ńdà Rodiyah ni mo fi lọ̀ ọ́. Wallahi, láti ìjẹta, kò bàjẹ́. Mo tún bu òmíràn wá lónìí kí ó lè dá mi lójú."

"Ọ̀dà wo lẹ lò?"

"Ọ̀dà tá a jọ ń lò náà."

Wọ́n wo ara wọn. Rodiyah ti fa omi nínú kànga, ó ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọṣẹ sì ń hó yaya lọ́wọ́ rẹ̀. Adéṣọlá tẹjú mọ́ ìfófòó náà.

"Omi ni. Omi kànga yìí lẹ fi pò ó," ló wí.

Wọ́n jọ padà sí Bosso. Adéṣọlá bu omi inú táǹkì wọn, ó fi ọṣẹ fọwọ́ nínú rẹ̀. Kò hó, ó ṣù bíi mílíìkì tó kan. Wọ́n pe mai ruwa tó ń fi tánkà gbé omi wá fún wọn. Ó ní ibi tí òun ti ń pọn tẹ́lẹ̀ ti gbẹ láti ìgbà ọyẹ́, kànga ẹlẹ́rọ tó jìn gan-an lòun ń lọ báyìí. Ó béèrè bóyá omi náà ò dùn ni.

Ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Adéṣọlá ti kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé pé omi tí nǹkan inú àpáta bá ti yọ́ sí máa ń pa ọṣẹ. Ojú Ubaydullah ló ń wò láti ọjọ́ yìí, kò wo omi.

"Kẹ́ẹ̀gì ọjọ́sí ńkọ́?" ló béèrè.

"Igi òrùlé mi ni mo fi kùn, nítorí ikán. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó ní mo ń pò ó mọ́ ọ̀dà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi."

"Mo mọ̀."

Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kejì. Omi kànga ilé Ubaydullah ni wọ́n fi tún ọ̀dà pò, wọ́n sì parí títì náà kí ọ̀wààrà òjò tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, Adéṣọlá ṣì ń gbóòórùn ọ̀dà bó bá ń yọ́, Ubaydullah náà ṣì ń jókòó ti ìkòkò ọṣẹ. Àmọ́ àga ló ń gbé wá báyìí, kò díbọ́n mọ́.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, alága àwọn onílé, béèrè bóyá wọ́n lè ṣe òpópónà kejì, Adéṣọlá ní kó jẹ́ kí òun bi Bàbá Arifah. Ubaydullah ń fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà kúrò lẹ́sẹ̀. Ó ronú díẹ̀.

"To, ó dáa. Ká kọ́kọ́ lọ wo omi tí wọ́n ní níbẹ̀," ló wí.