Àríkẹ́ Ló Ń Kọjá

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1972, Yàhàyá télọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Kò tíì dá ìwé náà padà tó fi kọjú sí Míìsì Ọláyíwọlá, tíṣà tó fẹ́ kó ọmọbìnrin méjìlélọ́gbọ̀n lọ pàgọ́ nínú igbó lẹ́bàá Òkè-Oyì.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ máa gba abúlé àwọn àáfà kọjá. Ìyá ọmọ yìí ń bẹ níbẹ̀, nílé ọkọ mìíràn. Hùmúàní ò gbọdọ̀ wọ ilé náà. Tí ẹ ò bá lè ṣọ́ ọ, kó jókòó sílé."

"Màá ṣọ́ ọ, Bàbá Hùmúàní."

Hùmúàní wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí kò fojú kan ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ibùdó. Wọ́n kọ́ bí a ti í so okùn àgọ́, bí a ti í dáná láìlo kẹrosíìnì, bí a ti í ka máàpù. Nírọ̀lẹ́, bí àwọn yòókù bá sáré lọ sódò, Hùmúàní á gun àpáta tó wà lẹ́yìn àgọ́ kẹrin. Ibẹ̀ ni a ti ń rí páànù abúlé náà tó ń dán láàárín àwọn igi máńgòrò.

Kùdírátù, àbúrò ìyá rẹ̀, ti ṣàpèjúwe ilé náà fún un: ògiri amọ̀ gígùn, igi gúrófà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ẹlẹ́hàá ni gbogbo ìyàwó ibẹ̀. Wọn kì í yọjú síta lọ́sàn-án, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn ló ń wọlé lọ bá wọn. Hùmúàní ò lè wọlé. Ìyá rẹ̀ ò lè jáde. Ohùn nìkan ló lè ré ògiri náà kọjá.

Ṣùgbọ́n Husseinat, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló ń dá orin tí wọ́n fi ń rìn. Orin ìrìn wọn kò le: ẹni tó ń dá a á béèrè ẹni tó ń kọjá, á dárúkọ ọ̀kan nínú wọn, àwọn yòókù á sì gbè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa rìn padà, Hùmúàní lọ bá a níbi tó ti ń ká àgọ́.

"Husseinat, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n dá orin tá a bá dé abúlé yẹn."

"Ìwọ kẹ̀? Ohùn tí kò lè lé adìyẹ? Wọ́n á rò pé òkú la gbé kọjá."

"Màá bá ọ ru ìkòkò dé Òkè-Oyì."

"Ìkòkò ńlá?"

"Ìkòkò ńlá."

Husseinat fi okùn sílẹ̀. "Kí ló wà ní abúlé yẹn?"

"Ìyá mi."

"Súbúhánà! Lo wá ń bá mi dúnàádúrà ìkòkò? Wọlé lọ kí wọn!"

"Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀ wọlé. Míìsì sì ti gbà fún wọn."

Husseinat tún gbé okùn rẹ̀. "Fi ìkòkò mi sílẹ̀, jàre. Ṣùgbọ́n kígbe o! Tí o bá ń kùn sínú bí o ti máa ń ṣe ní kíláàsì, màá gbà á lẹ́nu rẹ."

Míìsì Ọláyíwọlá, ẹni tí Husseinat ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún, mú Hùmúàní sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nínú ìlà. Nígbà tí wọ́n rí ilé àkọ́kọ́, ó sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀: "Ilé wíwọ̀ ni èmi àti bàbá rẹ jọ sọ. A ò sọ̀rọ̀ orin."

Wọ́n yọ sí ògiri gígùn náà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Odó ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ìró mẹ́ta, lẹ́yìn náà ọmọ odó á kan ẹnu odó: kọ́. Hùmúàní mọ ìró náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe ń gún ẹ̀lú aró ní gbogbo àárọ̀ tí òun fi wà ní kékeré.

Husseinat tì í láti ẹ̀yìn.

"Ta ló ń kọjá?" Ohùn rẹ̀ já. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Ta ló ń kọjá? Àríkẹ́ ló ń kọjá!"

Ìlà dàrú. "Ta ni Àríkẹ́?" ni ẹnì kan béèrè. Oríkì Hùmúàní ni. Ìyá rẹ̀ ló máa ń fi pè é, kò sì sẹ́ni tó tún fi pè é nílé bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti lọ.

"Ẹ gbè é!" ni Husseinat pariwo mọ́ wọn.

"Ó ń kọjá, ẹ yà fún un!" ni gbogbo wọn gbè.

Odó dákẹ́.

Hùmúàní dá a lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Kò dúró; ọwọ́ Míìsì wà ní èjìká rẹ̀. Wọ́n kọjá igi gúrófà. Ẹní tó bo ẹnu ọ̀nà kò mì. Wọ́n kọjá igun ògiri. Ẹnikẹ́ni ò yọjú.

Wọ́n ti dé oko ẹ̀gẹ́ tó wà ní ìpẹ̀kun abúlé kó tó gbọ́ ọ. Kọ́. Kọ́. Kọ́. Kò sí ìró gígún láàárín wọn. Ọmọ odó ń kan ẹnu odó lásán, léraléra, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ó tún dá orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbè é mọ́. Lẹ́yìn náà ó pa ẹnu mọ́ kó lè gbọ́. Ó ń kà á bí wọ́n ti ń lọ: mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lójú títì níwájú wọn. Nígbà tí ariwo rẹ̀ fi máa lọ tán, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.