Bẹ́ǹṣì Agbedeméjì Òkè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Baba Téèpù jẹ́, kó kọ́kọ́ wo àpò ṣòkòtò rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni ìyàwó rẹ̀ ń rán apá ọ̀tún, nítorí téèpù onírin tó ń gbé kiri ló ń ya á. Òun ni ọ̀gá ní ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nílùú náà. Òun ló ń sọ ibi tí òpó iná máa dúró sí, ibi tí etí títì máa ti dà gẹ̀rẹ́ kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn ún, àti ibi tí bẹ́ǹṣì máa wà kí arúgbó lè fìdí lélẹ̀. Kò gba rìbá rí. Kò sì fi iṣẹ́ ìjọba ṣe ti ẹbí rí, ìyẹn ló sì fi ń yangàn jù. Ó dáa kéèyàn jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe ti fẹ́ẹ̀ di àìsàn sí i lára.

Àbúrò rẹ̀ náà ń fi téèpù jẹun. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní agbedeméjì òkè tó ti iwájú ilé Baba Téèpù sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú. "Ẹ̀gbọ́n mi ń wọn títì, èmi ń wọn ìbàdí," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. "Iṣẹ́ tiwọn ló rọrùn. Títì kan ò ní padà wá sọ pé òun ti sanra."

Orí òkè ni Baba Téèpù àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ìyá ìyàwó ń gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì. Eékún ìyàwó ti ń dùn ún tipẹ́. Ìyá ní tirẹ̀ ti darúgbó, bó bá rìn díẹ̀, á máa mí gúlegúle. Títì náà há débi pé bọ́ọ̀sì kì í gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tìyá-tọmọ ti wá ọgbọ́n dá sí i. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọmọ á rọra máa sọ̀kalẹ̀, ìyá á rọra máa gòkè, wọ́n á pàdé níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹni tó ti gbé àga méjì síta dè wọ́n. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa yẹ aṣọ àwọn tó ń kọjá wò, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Lọ́jọ́ tí ara ìyá ò bá le, ọmọ á sinmi lórí àga náà, á wá máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ títí á fi dé ẹnu ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé afọ́jú kan kọsẹ̀ lára ọjà tí wọ́n tò sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní àdúgbò mìíràn, ó ṣubú, apá rẹ̀ sì dá. Ọ́fíìsì ṣòfin pé ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ dúró sójú ọ̀nà mọ́. Òfin tó dáa ni, ta ló máa sọ pé kò dáa? Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ni Baba Téèpù kọ́kọ́ lọ.

"Gbé àga wọ̀nyí wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n, àga ìyá ìyàwó yín mà nìyí."

"Mo mọ̀. Bí mo bá fi tìẹ sílẹ̀, ẹnu wo ni mo máa fi bá ẹlòmíì wí?"

"Kí ni kí n wá sọ fún ìyàwó wa tí wọ́n bá dé?"

"Sọ fún un pé màá ṣe bẹ́ǹṣì síbẹ̀, èyí tó máa fara ti ògiri, tí ò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà."

Kì í ṣe irọ́ ló pa. Ó yọ téèpù, ó wọn ibẹ̀. Lórí gbogbo òkè náà, ẹ̀bá ògiri yẹn nìkan ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti fẹ̀ tó láti gba bẹ́ǹṣì, kí kẹ̀kẹ́ arọ sì tún rọ́nà kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù kó fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Abẹ́ fèrèsé àbúrò rẹ̀ gan-an ni bẹ́ǹṣì máa wà. Wọ́n á ní ó fi igi ìjọba ṣe pálọ̀ fún oníbàárà àbúrò rẹ̀. Ó gbé bẹ́ǹṣì náà fún àdúgbò mìíràn. Nígbà tí òmíràn tún dé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe.

"Bàbá wọn, bẹ́ǹṣì yẹn ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mo ṣì ń wá ibòmíì lórí òkè yẹn."

"Ibòmíì wo? Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ibòmíì ò gbà á."

"Ẹnu aráyé ńkọ́?"

"Aráyé tẹ́ ẹ̀ ń wí yìí, ṣé eékún ń dùn wọ́n ni?"

Baba Téèpù ti téèpù rẹ̀ bọ àpò. Ìyàwó ò sì béèrè mọ́. Ìbá sàn kó bá a jà.

Ìyàwó gbìyànjú láti máa sọ̀kalẹ̀ láìsí àga. Aránṣọ ní kó wọlé wá jókòó, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ga ju ohun tí eékún rẹ̀ lè gbé lọ. Ó fara ti ògiri, ẹsẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú. Láti ọjọ́ yẹn, ó jókòó sílé. Mọ́tò kan ṣoṣo tó wà níkàáwọ́ ọkọ rẹ̀, ti ọ́fíìsì ni, ẹ sì ti mọ ohun tó máa sọ nípa ìyẹn. Tìyá-tọmọ wá ń pariwo mọ́ ara wọn lórí fóònù, torí etí ìyá ti di. Aránṣọ ní òun máa ń rí ìyá nígbà míì, tó bá gòkè dé ibi ògiri, á dúró, á wo òkè fún ìgbà díẹ̀, á sì padà.

Ìyá kú lóru ọjọ́ kan, láìsí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Baba Téèpù fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìgbà náà. Obìnrin tó gba ipò rẹ̀ gun òkè yẹn, ó wọn ẹ̀bá ògiri, ó sì gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀. Kò tiẹ̀ béèrè ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Baba Téèpù lọ dúró nítòsí, ó ń retí ohun tí aráyé máa wí. Bàbá arúgbó kan tó ru ẹrù wá jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé àbúrò yín ni mí," ni aránṣọ sọ láti ojú fèrèsé. "Bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n ń retí ṣáá. Nígbà tí wọn ò rí i, wọ́n ní ẹ ti kórìíra mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Aráyé tó ń sá fún ti sọ tiwọn lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí wọ́n sì sọ burú ju èyí tó ń bẹ̀rù. Gbogbo ìgbà tó ń ṣọ́ orúkọ rẹ̀, ìyá àgbà kan ń wo òkè, ó ń padà sílé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ó sì ti dé bá a.

Ó sáré lọ sílé lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wọ bàtà. Wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ pa eékún rẹ̀, Baba Téèpù sì jókòó tì í. Ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ti padà. Nígbà tí obìnrin náà dìde, ìsàlẹ̀ ló kọrí sí. Ọkọ tẹ̀ lé e láì lè sọ pé kó dúró. Ìyàwó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri, títí ó fi dé iwájú ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì. Kọ́tìnnì ẹlòmíràn ló wà lójú fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn náà, kò kàn án.

"Bàbá wọn," ó ní, ohùn rẹ̀ ò le rárá, "ilé ìyá mi mà ṣeé dé."

Ó yíjú sí òkè, ó sì ní kí àwọn máa lọ.