Ìlà Méjì Tó Lé

Tí Mo-ti-mọ̀ bá ti lanu báyìí, inú Ìyá Ìbejì á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ń pariwo o. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì àti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ní láàbù kẹ́mísìrì, ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní ní òun ti mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tẹ́ bébà iṣẹ́ Ìyá Ìbejì, tí ẹ̀rọ tó ń ka kábọ́ọ̀nù inú èròjà tẹ̀ jáde, síwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù.

"Ẹ kà á, sà. Ìlà mẹ́wàá. Ohun tí obìnrin yìí lóun ṣe, ìlà mẹ́jọ ló yẹ kó ní. Nǹkan mìíì ló ṣe. Ọdún mẹ́rin ti wọgbó. Ẹ jẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ìpàdé ò jẹ́ kó ráyè wo bébà ẹ̀rọ mọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá Ìbejì, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa buwọ́ lu ìwé ìwádìí oyè ẹ. Tí èyí ò bá yanjú, kó ẹrù ẹ."

Kábọ́ọ̀nù mẹ́wàá ló wà nínú èròjà tí Ìyá Ìbejì ṣe. Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ń yọ ìlà tirẹ̀ lórí bébà ẹ̀rọ, àfi àwọn tí ipò wọn bá jọra gẹ́lẹ́, tí wọ́n á jọ máa lo ìlà kan bí ìbejì tó ń lo bẹ́ẹ̀dì kan. Èròjà tirẹ̀ ní òrùka kan tí apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ bára mu, kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ibẹ̀ sì di ìlà méjì. Mẹ́jọ pérépéré. Ta ló wá bí méjì tó lé?

Ó wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìlà méjèèjì. Ọ̀kan wà ní igba ó lé méje, èkejì ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó pòṣé. Asitóònù ni, oògùn tí wọ́n fi ń fọ túùbù gíláàsì tí wọ́n ń ki èròjà sí wọnú ẹ̀rọ; ìlà méjì yìí gan-an ni kábọ́ọ̀nù tirẹ̀ máa ń yọ. Mo-ti-mọ̀ ló sì yá a ní túùbù náà. "Mo ti fọ̀ ọ́, máa lò ó," ló wí. Òfin láàbù ni pé kí túùbù gbẹ fún wákàtí kan nínú ààrò. Ta ló fẹ́ dúró wákàtí kan? Ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan kọ́.

Ó wá túùbù tó gbẹ, ó tún iṣẹ́ ṣe. Ìlà mẹ́jọ. Ìbínú ò jẹ́ kó lọ sílé. Ó lọ fa ìwé ìwádìí tí Mo-ti-mọ̀ fi gba oyè yọ lórí pẹpẹ, kó lè rí bí bébà tirẹ̀ ṣe mọ́ tó. Bébà ẹ̀rọ àkọ́kọ́ inú rẹ̀: igba ó lé méje, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó ṣí òmíràn. Àwọn náà ni. Ọkùnrin náà tiẹ̀ ti ya wọn mọ́ àwòrán èròjà rẹ̀, ó fún un lápá tí kò ní. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí, ó di pẹpẹ mú kó má baà ṣubú. Àṣé ọ̀gbẹ́ni yìí ò tiẹ̀ purọ́ mọ́ òun. Kò mọ̀ ni.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tò wọ́n kalẹ̀: bébà túùbù tútù, bébà túùbù gbígbẹ, ìwé oyè Mo-ti-mọ̀. Mo-ti-mọ̀ wò wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí ìwé náà síwájú, ó bá ìbuwọ́lù ara rẹ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ le. Ó fa bírò yọ, ó buwọ́ lu ti Ìyá Ìbejì kíákíá.

"Ó ti tó. Dá ìwé yẹn padà síbi tó o ti mú un. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Ìyá Ìbejì ká ìwé tirẹ̀, ó tì í sínú báàgì.

"Ẹ ṣé, sà. Mo ti fi ẹ̀dà gbogbo wọn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń fúnni lóyè láàárọ̀."

Ó yíjú sí Mo-ti-mọ̀, ó rọra gbé túùbù kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, túùbù yín rèé. Mo ti bá yín mú un gbẹ."