Kọ̀ǹpútà Afọlábí Kò Ní Di Òfìfo

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí kọntéènà já lu Afọlábí pa ní Creek Road, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí Àsíátù, ìyàwó rẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àsíátù mọ̀ pé irọ́ ni. Fún oṣù méjì kó tó kú ni Afọlábí fi ń ya fọ́tò wáyà kireni tó ń gbé kọntéènà, èyí tó ti ń já, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Àwọn fọ́tò yẹn, àti ìwé tí ọ̀gá fi pè é síṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday tó kú, inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni wọ́n wà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò tàn, Àsíátù gbé e lọ sọ́dọ̀ Tega, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ajégúnlẹ̀. Tega tú u, ó pààrọ̀ bátìrì. Ó tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ di búlúù: ó ti ti ara rẹ̀ pa, ó ń béèrè nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta kó tó ṣí. Àsíátù lọ tú gbogbo ìwé Afọlábí nílé, kò rí nọ́ńbà kankan.

"Ìyá Zulfah, abeg, ẹ má bínú," Tega sọ fún Àsíátù. "Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́. Á dà bíi tuntun."

"Kí ni mo fẹ́ fi tuntun ṣe? Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi kú, páswọ́ọ̀dù tí èmi náà mọ̀ nìkan ló tẹ̀, ó sì ṣí. Ìwọ lo fọwọ́ kàn án. Kí lo yí padà?"

"Mi ò yí nǹkan kan, mà."

"O yí nǹkan. Wá a rí. Mi ò kúrò níbí." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan pe Àsíátù láti ilé iṣẹ́ Afọlábí. "Madam, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yẹn wá. Àwa la ni ín."

"Owó ara rẹ̀ ni ọkọ mi fi rà á. Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ ẹ bá lè!" Ó pa fóònù.

Tega gbọ́. Ojú tì í. Ó tún tú kọ̀ǹpútà náà, ó ń ro gbogbo ohun tó ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójijì ó fọwọ́ lu orí. "Mo ti rí i! Nígbà tí mo tú u, mo yọ bátìrì kékeré inú ẹ̀ tó ń bá a rántí ètò ẹ̀. Gbogbo ètò ẹ̀ ló padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Ó rò pé ọwọ́ olè lòun bọ́ sí ni." Ó dá ètò ààbò náà padà sí bí Afọlábí ṣe ń lò ó, ó sì tàn án. Búlúù ò yọ. Àsíátù tẹ páswọ́ọ̀dù. Ó ṣí.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tó rí, ọwọ́ Afọlábí ló wà níbẹ̀, tó di wáyà jíjá mú. Ìgbà yẹn ló tó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti lọ́yà rẹ̀, Harriet, wọ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní Àpápá. Ọ̀gá Afọlábí wo àwọn fọ́tò, ó wo ìwé tó buwọ́ lù fúnra rẹ̀. "A máa yẹ̀ ẹ́ wò," ó ní.

"Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ yín lọkọ mi kú sí. Lẹ́yìn náà, a máa pàdé ní kóòtù."

Kò dìde títí wọ́n fi kọ ọ́.