Òrùka Ẹ̀yìn Hilkka

"Àìsàn tí mo bá gbé ìwo lé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi sá lọ!"

Hilkka ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ nínú sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru. Ogójì ọdún ló ti fi ń fi ìwo màlúù fa ẹ̀jẹ̀ burúkú lára àwọn ará erékùṣù náà. Àmọ́ bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Sylvi, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń bá a fa tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ara Hilkka ń gbóná, gbogbo oríkèé ń dùn ún. Ó dùbúlẹ̀ létí òkun, ibà náà mú kó máa rí àwọn igi funfun tí wọ́n ká etí aṣọ sókè, tí wọ́n ń wọ́dò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ń tukọ̀ kọjá lójú ọ̀run, ó ní ṣé kọfí ti jinná. "Dúró ná," ni Hilkka wí, ẹ̀rù ò sì bà á rárá.

Ní Sátidé, Sylvi bu omi sórí òkúta gbígbóná, ooru rẹ̀ bo ilé. Ó rí àmì pupa kan ní ìbàdí Hilkka, ó pariwo.

"Ìyàwó wa! Ta ló fa èyí síbàdí yín?"

"Ìwọ náà ni, ọlọ́wọ́ líle!"

"Èmi kẹ̀? Èjìká ni mo fà!"

Sylvi ò ní gbà kí wọ́n ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó mú ìwo, ó gbé e lé àmì pupa náà. Ìwo bọ́ sáàárín rẹ̀ bí ọmọ adìyẹ nínú agbada.

"Mo rí i ní Sátidé tó kọjá, ó tó ẹnu ìwo, mo ṣe bí àpá ìwo ẹlòmíì ni. Lónìí ó ti tó àwo. Àpá ìwo wo ló ń dàgbà?"

Hilkka sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, ó wọ aṣọ. Àwọn méjèèjì kọrí sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Tuovi, nọ́ọ̀sì erékùṣù, wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Eégbọn ló jẹ yín. Òrùka tó ń gbòòrò, tí àárín rẹ̀ ń mọ́, la fi ń dá a mọ̀. Ẹ ó lo oògùn yìí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ títí yóò fi tán, kódà bí ara bá yá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó lè wọ orúnkún, ó lè mú kí ẹnu yín wọ́."

"Ìwo ò lè fà á jáde?" Ohùn Hilkka kéré bí ti ọmọdé.

"Rárá."

Sylvi fọwọ́ lu àyà. "Èmi ni mo rí i! Eégbọn kan ò lè gba iwájú mi kọjá!"

Tuovi mú ẹ̀mú kékeré, ó kọjú sí Sylvi.

"Ẹ tẹ orí síwájú, mà. Ọ̀kan ń jẹun lẹ́yìn etí yín."